Ẹ yéé pe àwọn ọmọ wa ní ọ̀lẹ

Ẹ̀sùn kan wà tí ó ti di orin àkọtúnkọ lẹ́nu àwọn tí ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní bọ́ọ̀lù agbọ̀n, eré tí àwọn ọmọ wa ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìwòyí kò ní ìfarajìn. Wọ́n ní bí a bá pe ìgbáradì sí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, agogo márùn-ún ni ẹni àkọ́kọ́ yóò yọjú. Bí a bá ní kí wọ́n sáré yí pápá ká ní ìgbà mẹ́wàá, ìgbà mẹ́rin ni wọn yóò sá, wọn yóò sì wá ibi jókòó sí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a bá fẹ́ pín aṣọ ẹgbẹ́, kò sí ẹni tí kò ní í wá. Mo ti gbọ́ ẹ̀sùn yìí ní Ìfọ̀nyìn wa níhìn-ín, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni. Mo ti gbọ́ ọ ní Pobè, mo sì ti gbọ́ ọ ní Àjàṣẹ́. Ọ̀rọ̀ kan náà ni níbi gbogbo, ìbínú kan náà ni.

N kò sọ pé irọ́ ni ẹ̀sùn náà. Ẹni tí ó bá ti dúró létí pápá ní ìrọ̀lẹ́ yóò ti fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ohun tí mo ń bá jà ni ìdáhùn tí a ń fún un, nítorí pé ìdáhùn náà rọrùn jù: “Ọ̀lẹ ni wọ́n. Fóònù ti bà wọ́n jẹ́. Ní ìgbà tiwa, kò rí bẹ́ẹ̀.” Pẹ̀lú gbólóhùn mẹ́ta yìí, àgbà ti yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ọ̀rọ̀. Ó ti di ẹlẹ́rìí, ó ti di adájọ́, ọmọ nìkan ni ó kù tí yóò jẹ́ ọ̀daràn.

Èrò tèmi yàtọ̀. Ìfarajìn kì í ṣe ohun tí ọmọ ń gbé wá láti ilé bí ó ti ń gbé bàtà rẹ̀ wá. Àdéhùn ni í bí i. Níbi tí kò bá sí àdéhùn tí ó ṣeé gbàgbọ́, kò lè sí ìfarajìn tí yóò pẹ́. Àdéhùn tí àwa àgbà sì bá àwọn ọmọ wọ̀nyí ṣe nípa bọ́ọ̀lù agbọ̀n, àdéhùn èké ni. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé yìí sí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ wọn, sí ẹ̀yin òbí, àti sí ẹgbẹ́ wa lápapọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti orísun. Ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń fọn fèrè ní pápá bọ́ọ̀lù agbọ̀n mọ bí eré náà ṣe dé ayé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1891, ní ìlú Springfield ní Amẹ́ríkà, kíláàsì kan wà lọ́wọ́ James Naismith. Olùkọ́ ni, ọmọ ilẹ̀ Kánádà ni, ọmọ ọgbọ̀n ọdún sì ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin 18 ni ó wà nínú kíláàsì náà, olóríkunkun ni wọ́n. Òtútù ti lé wọn wọnú ilé, eré ìdárayá tí wọ́n ń fún wọn ṣe nínú ilé ti sú wọn, olùkọ́ méjì sì ti gbìyànjú lórí wọn ṣáájú tí apá wọn kò ká a. Luther Gulick, tí ó jẹ́ ọ̀gá Naismith, fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí ó wá eré tuntun kan jáde.

Ó rọrùn fún Naismith láti sọ pé àwọn ọmọ náà kò ní ìfarajìn. Ẹ̀rí wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlẹ́rìí méjì sì ti wà ṣáájú rẹ̀. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí ó sú wọn. Ó ní kí wọ́n kan agbọ̀n èso méjì mọ́ ara ògiri, ọ̀kan níbí, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Ó kọ òfin 13 sílẹ̀. Ó pín àwọn ọmọ náà sí ọ̀nà méjì, mẹ́sàn-án ní ìhà kan, mẹ́sàn-án ní ìhà kejì. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bọ́ọ̀lù wọ agbọ̀n ní ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n àwọn tí kò fẹ́ ṣe ohunkóhun lánàá kò fẹ́ kúrò nínú ilé eré mọ́. Ìyẹn ni pé bọ́ọ̀lù agbọ̀n fúnra rẹ̀ jẹ́ ìdáhùn tí olùkọ́ kan fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ọkàn wọn kò sí nínú iṣẹ́. Bí eré tí a dá sílẹ̀ nítorí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wá di ibi tí a ti ń bú wọn, àwa ni a ti gbàgbé ohun tí ó wà lọ́wọ́ wa.

Báwo wá ni àwa ṣe ń pe ọmọ wá sí pápá? Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́. Orúkọ ènìyàn méjì ni a fi ń pè é: Hakeem Olajuwon àti Giannis Antetokounmpo. A ó ní: “Èkó ni wọ́n bí Olajuwon sí, ọmọ Yorùbá bíi tìrẹ ni. Ọmọ Yorùbá ni baba Giannis, Adétòkunbọ̀ ni orúkọ wọn kí àwọn Gíríìkì tó kọ ọ́ bí ó ti rọ̀ wọ́n lọ́rùn. Wo ibi tí wọ́n dé. Ìwọ náà ga, apá rẹ gùn. Bí o bá tẹra mọ́ ọn, wàá dé Amẹ́ríkà.” Ọmọ á gbọ́, ojú rẹ̀ á tàn, á sì wá. Fún oṣù mẹ́ta, kò ní í pẹ́ dé rárá. Lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìṣirò.

Ìṣirò náà kò le. Ẹgbẹ́ 30 ni ó wà nínú NBA. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ààyè fún agbábọ́ọ̀lù 15 tí àdéhùn iṣẹ́ wọn pé. Ọgbọ̀n ní ọ̀nà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ 450. Àyè 450, fún gbogbo ọ̀dọ́ tí ń ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ní Yúróòpù, ní Ṣáínà, ní Áfíríkà. Ẹ wo Mouphtaou Yarou, tí wọ́n bí ní Natitingou ní 1990, ọ̀kan nínú àwọn tí òkìkí wọn kàn jù nínú bọ́ọ̀lù agbọ̀n ilẹ̀ Benin. Ó lo ọdún mẹ́rin ní Yunifásítì Villanova, láti 2009 sí 2013, ó sì fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ jẹun ní ilẹ̀ Faransé. Iṣẹ́ tí ó níyì ni, ó sì yẹ kí á máa dárúkọ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ wa ju bí a ti ń ṣe lọ. Síbẹ̀, òun pàápàá kò gbá ìdíje NBA. Bí ẹni tí ó tó bẹ́ẹ̀ kò bá rí àyè nínú 450, kí ni kí ọmọ kíláàsì kẹta ní Ìfọ̀nyìn rò?

Ọmọ tí ó bá ṣe ìṣirò yìí tán, tí ó sì dín ìgbáradì kù, ọ̀lẹ kọ́ ni. Ó ti ronú ni. Èrè kan ṣoṣo tí a fi hàn án ni èyí tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó. Ó fi í sílẹ̀ bí ọlọ́gbọ́n ènìyàn ti ń fi tẹ́tẹ́ sílẹ̀. Ẹni tí ó fi físà pe ọmọ wá sí pápá kò gbọdọ̀ bínú nígbà tí ọmọ bá rí i pé físà kò sí níbẹ̀.

Bí a bá sì fẹ́ sọ ìtàn àwọn ènìyàn ńlá wọ̀nyí, ẹ jẹ́ kí á sọ ọ́ tán. Olajuwon ti kọjá ọmọ ọdún 14 kí ó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù agbọ̀n. Bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ àti bọ́ọ̀lù ọwọ́ ni ó ń gbá ní Èkó, inú àwọn eré wọ̀nyẹn sì ni ó ti kọ́ bí ó ṣe ń gbé ẹsẹ̀ lọ́nà tí ó fi ń da ojú rú fún àwọn tí ń ṣọ́ ọ. Kò sí ẹni tí ó bú u nígbà náà pé kò fara jìn fún agbọ̀n. Nígbà tí ó dé Yunifásítì Houston ní 1980, kò gbá ìdíje kankan ní sáà àkọ́kọ́. Ìgbáradì nìkan ni. Ní àsìkò ìsinmi, ó máa ń lọ sí ilé eré kan tí wọ́n ń pè ní Fonde, níbi tí Moses Malone, ọ̀kan nínú àwọn àgbà agbábọ́ọ̀lù NBA ìgbà náà, ti ń bá a du bọ́ọ̀lù lábẹ́ agbọ̀n. Ní 1984, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn wọ NBA. Ní 1994 àti 1995, ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ife ẹ̀yẹ.

Ohun tí ó yẹ kí olùkọ́ni rí kọ́ nínú ìtàn yìí ju ọ̀rọ̀ ife lọ. Ẹni tí ó mú Olajuwon dàgbà kò dúró létí pápá kí ó máa ráhùn. Malone wọ inú pápá, ó fi ara rẹ̀ kọ lu ọmọ náà, ọmọ náà sì mọ̀ pé bí òun bá tún lọ síbẹ̀, ẹni tí ó lágbára ju òun lọ yóò wà níbẹ̀. Bí ènìyàn bá mọ̀ pé ẹnìkan ń dúró de òun, ẹsẹ̀ rẹ̀ á yá.

Ìtàn Giannis tún yé ni ju bẹ́ẹ̀ lọ. Athens ni wọ́n bí i sí, ní 1994. Àwọn òbí rẹ̀ kò ní ìwé ìgbélùú, òun àti àwọn arákùnrin rẹ̀ sì ń bá wọn kiri ọjà ní ojú pópó, aago àti awò ojú. Òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Thanasis jọ ń pín bàtà kan ṣoṣo wọ̀ fún eré. Ọmọ tí ń kiri ọjà kò lè máa dé sí ìgbáradì ní àsìkò. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè pe ọmọ bẹ́ẹ̀ ní aláìnífarajìn, kò sì ní í ṣòro fún un láti rí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n Spiros Velliniatis, olùkọ́ni tí ó rí i ní àdúgbò wọn, kò fi ọ̀rọ̀ NBA bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ fún àwọn òbí ọmọ náà ni ó fi bẹ̀rẹ̀, nítorí ó mọ̀ pé ebi ni ó ń bá òun du ọmọ náà. Ọdún 2013 ni Giannis wọ NBA, ẹni kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n yàn án. Ní sáà àkọ́kọ́, àmì tí ó ń gbà nínú ìdíje kan kò tó méje. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje 2021, ó gba àmì 50 nínú ìdíje tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi gba ife. Ọdún mẹ́jọ ni ó wà láàrin méje àti àádọ́ta. A fẹ́ràn àádọ́ta láti sọ. A kì í sọ nípa ọdún mẹ́jọ náà, a kì í sì í sọ̀rọ̀ nípa ẹni tí ó kọ́kọ́ bèèrè ohun tí wọn yóò jẹ nílé.

Ẹ jẹ́ kí á padà sílé, kí á bèèrè ìbéèrè kan náà. Ìlú ẹnubodè ni tiwa. Ẹni tí ó bá dé Igolo mọ̀ pé ọjà àti ọ̀nà ni ó ń bọ́ ọ̀pọ̀ ilé nínú wa, pẹ̀lú ọ̀pẹ àti oko. Nígbà tí ìjọba Nàìjíríà yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, iye kpayo fò sókè, ilé tí ó ń fi í jẹun sì di ilé tí gbogbo ọwọ́ gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́, títí kan ọwọ́ ọmọ kọléèjì. Ọmọkùnrin kan ti lè ti gbé kéègì kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó tó wá jókòó ní kíláàsì. Ọmọbìnrin kan ní omi láti pọn, iná láti dá, àbúrò láti wẹ̀, lẹ́yìn tí aago ilé ẹ̀kọ́ bá ti lù. Agogo mẹ́rin tí kóòṣì yàn, ta ni ó bi léèrè kí ó tó yàn án? Ọmọ tí ó dé ní agogo márùn-ún lè jẹ́ ẹni tí ó ti ṣiṣẹ́ jù nínú gbogbo wa ní ọjọ́ náà.

Ọ̀rọ̀ ìdánwò tún wà níbẹ̀. BEPC àti BAC ni òbí mọ̀, òun ni wọ́n ń san owó lé lórí. Lójú wọn, bọ́ọ̀lù jẹ́ olè tí ń jí àkókò ìwé. A kò lọ bá wọn sọ ohunkóhun tí yóò yí èrò wọn padà. A kàn ń bá ọmọ sọ ọ́ ní pápá pé kí ó yàn, baba rẹ̀ ń bá a sọ ọ́ nílé pé kí ó yàn, ọmọ sì wà láàrin àgbà méjì tí wọn kò tíì bá ara wọn sọ̀rọ̀ rí. Bí ó bá wá lónìí tí kò wá lọ́la, kí ni ó ṣe? Ó ń gbìyànjú láti gbọ́ràn sí àwọn méjèèjì lẹ́nu ni.

Mo ti ń sọ ti ilé àti ti ọ̀nà. Ó kù kí á wo pápá fúnra rẹ̀. Bí ọmọ 25 bá ń pín bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo nínú ìgbáradì ìṣẹ́jú 90, ìpín ọmọ kọ̀ọ̀kan kò tó ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ìyókù, ìdúró ni. A ń pe ìdúró ní ìgbáradì, a sì ń pe ẹni tí ìdúró sú ní ọ̀lẹ. Olùkọ́ni tí ó ń fi ọ̀rọ̀ àsìkò na ọmọ, ìgbà mélòó ni òun náà ti ránṣẹ́ ní ìṣẹ́jú tí ó kẹ́yìn pé òun kò ní í lè wá? Ìgbà mélòó ni ọmọ ti dé, tí ilẹ̀kùn ibi tí bọ́ọ̀lù wà ti pa, tí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sí nílé? Ọmọ kì í gbọ́ ohun tí à ń sọ tó bí ó ti ń wo ohun tí à ń ṣe.

Èyí tí ó burú jù ni ohun tí ń ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ ìdíje. Ẹni tí a kò rí fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á yọ lójijì, á sì wọlé lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ nítorí pé ó ga. Ẹni tí kò pa ọjọ́ kan jẹ, tí ó sáré yí pápá ká ní ìgbà mẹ́wàá tí a ní kí ó sá, a ó sọ fún un pé kí ó bọ́ aṣọ fún un. Gbogbo àwọn tí ó kù ń wò. Ẹ̀kọ́ tí a kọ́ wọn ní ọjọ́ náà kò ní í kúrò lára wọn: gíga ni èrè ń lọ bá, akitiyan kò níye lórí. Lọ́sẹ̀ tí ó tẹ̀ lé e, a ó tún wá dúró létí pápá, a ó sọ pé wọn kò ní akitiyan.

Àwọn ọmọbìnrin wa ńkọ́? Nígbà tí àwọn ọkùnrin bá ti gbá tán, tí oòrùn ti ń wọ̀, ni a ń fi pápá sílẹ̀ fún wọn, a ó sì wá sọ pé ọkàn wọn kò sí nínú eré. Ẹ wo òdìkejì ẹnubodè. Àwọn obìnrin Nàìjíríà gba ife Áfíríkà ní 2017, ní 2019, ní 2021, ní 2023, àti ní 2025: ìgbà márùn-ún léraléra. Ní Paris ní 2024, wọ́n na Australia, wọ́n na Kánádà, wọ́n sì di ẹgbẹ́ Áfíríkà àkọ́kọ́, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, tí yóò dé ìpele àwọn mẹ́jọ tí ó kẹ́yìn nínú bọ́ọ̀lù agbọ̀n Òlíḿpíìkì. Obìnrin ni olùkọ́ni wọn, Rena Wakama ni orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá sọ pé ọmọbìnrin kò lè fara jìn, kí ó kọ́kọ́ fún un ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí ó má ṣe jẹ́ àjẹkù agogo mẹ́fà.

Kí wá ni kí á ṣe? A kò ní láti rìn jìnnà. Àwa Yorùbá kì í ṣe àlejò sí ìfarajìn ọ̀dọ́. Ẹ wo bí a ṣe ń fi ọmọ sẹ́nu iṣẹ́, yálà lọ́dọ̀ aránṣọ, lọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà, tàbí lọ́dọ̀ ẹni tí ń tún alùpùpù ṣe. Òbí á mú ọmọ wá, ọ̀gá á jókòó, ẹlẹ́rìí á wà. A ó sọ iye ọdún, a ó sọ ohun tí ọmọ yóò ṣe, a ó sọ ohun tí ọ̀gá jẹ gbèsè rẹ̀, a ó sì sọ ọjọ́ òmìnira. Ọmọ náà á gbá ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù fún oṣù mélòó kan, kò sì ní í sá lọ. Kí ló dé? Nítorí pé ó ń rí ẹni tí ó wọlé ní ọdún kan ṣáájú rẹ̀ tí ó ti ń gé aṣọ. Ó ń rí ẹni ọdún méjì tí ó ti ń rán bùbá. Èrè rẹ̀ wà níwájú rẹ̀, ó lè fọwọ́ kàn án. Ọ̀gá náà sì ń wá sí ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, nítorí bí ó bá ti ìlẹ̀kùn pa, àwọn ọmọ iṣẹ́ á fọ́nká, kò sì ní í rí ẹni bá wí.

Irú àdéhùn yìí ni bọ́ọ̀lù agbọ̀n wa kò ní. Àwọn mìíràn sì ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ní 1998, ní Sẹ̀nẹ̀gà, Amadou Gallo Fall dá àjọ SEED sílẹ̀. Ẹ̀kọ́ àti ìdàgbàsókè ọrọ̀ ajé nípasẹ̀ eré ìdárayá ni àwọn lẹ́tà orúkọ náà dúró fún. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀kọ́ wà nínú orúkọ, NBA kò sí níbẹ̀. Òtítọ́ ni pé Gorgui Dieng ti ibẹ̀ dé NBA ní 2013. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò dé ibẹ̀ kò ní láti sọ pé wọ́n tan òun, torí ìwé kíkà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣèlérí fún un.

Àdéhùn tiwa kò ní láti tóbi tó bẹ́ẹ̀. Ojú ìwé kan ṣoṣo tó o, ní Yorùbá àti ní Faransé bí ìwé ìròyìn wa yìí, kí ọmọ tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí òbí tọwọ́ bọ̀ ọ́, kí olùkọ́ni náà sì tọwọ́ bọ̀ ọ́. Kí àgbà ṣèlérí ohun tí agbára rẹ̀ ká: pé ní ọjọ́ tí a dá, ẹnìkan yóò wà ní pápá pẹ̀lú bọ́ọ̀lù, pé gbogbo ẹni tí ó bá wá ni yóò gbá, pé ẹni tí ó bá wá déédéé kò ní í bọ́ aṣọ fún ẹni tí kò wá, pé bí oṣù ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, a ó dín ọjọ́ kù kí ọmọ lè kàwé, pé ẹni tí ó bá lo ọdún méjì yóò kọ́ bí a ti ń ṣe adájọ́ ìdíje, yóò sì máa kọ́ àwọn kékeré. Kí ọmọ náà ṣèlérí ohun tí agbára rẹ̀ ká: pé yóò wá, tàbí kí ó ránṣẹ́, pé bí ó bá ti wọ pápá, yóò sáré dé òpin. Kí òbí ṣèlérí ọjọ́ méjì nínú ọ̀sẹ̀ tí kò ní í rán an níṣẹ́ ní wákàtí náà. Èrè tí ó wà nínú rẹ̀ ni ara líle, ọ̀rẹ́, orúkọ rere, àti ipò tí ọmọ lè dé láàrin ọdún méjì. Bí Amẹ́ríkà bá wá lẹ́yìn náà, kí á dúpẹ́. Kó má ṣe jẹ́ òun ni a fi pè é.

Mo ti ń gbọ́ ohùn ẹni tí yóò sọ pé: “Olùkọ́, ṣé ẹ fẹ́ kí á máa tẹ́ ẹní sílẹ̀ fún ọmọ kí ó tó sáré ni?” Rárá o. Ìbáwí dára, mo sì ń lò ó ní kíláàsì mi. Ṣùgbọ́n ìbáwí láìsí àdéhùn, ariwo lásán ni. Lẹ́yìn tí a bá ti tọwọ́ bọ̀wé, kí á le koko mọ́ ọn. Ẹni tí kò wá, tí kò sì ránṣẹ́, kò ní í gbá ní ọjọ́ ìdíje, bí ó tilẹ̀ ga ju ìlẹ̀kùn lọ, bí ẹgbẹ́ wa yóò tilẹ̀ tìtorí rẹ̀ pàdánù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí a bá fi ọmọ gíga jókòó nítorí àdéhùn, tí a sì pàdánù ìdíje, ni àwọn tí ó kù yóò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wa dúró. Mo bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀yin olùkọ́ni: ta ni nínú yín tí ó ti ṣe é rí?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń ka èyí, ẹ má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe àwáwí. Mo mọ̀ pé ẹni kan wà láàrin yín tí kò ní kéègì láti gbé, tí kò ní omi láti pọn, tí kò sì ṣí ìwé. Orí ibùsùn ni ó wà ní agogo mẹ́rin, fóònù ni ó ń wò. Ọmọ yìí mọ ara rẹ̀. Bí o kò bá fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, lọ sọ fún olùkọ́ni rẹ pé o kò ní í wá mọ́. Kò sí ìtìjú nínú ìyẹn, àyè rẹ yóò sì ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Ṣùgbọ́n kí o máa wá gba aṣọ ẹgbẹ́ kí o tó sálọ, olè jíjà ni, ẹni tí o sì ń jí i lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ tí ó sáré.

Sí ẹgbẹ́ wa, ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ní. Lọ́dọọdún, a máa ń ra aṣọ ẹgbẹ́jọdá fún àjọ̀dún, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Kútọnu àti ní ilẹ̀ Faransé sì máa ń fi owó ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí á yọ díẹ̀ nínú owó náà kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé, kí á fi ra bọ́ọ̀lù, kí ọmọ mẹ́ta péré máa pín ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí á yan ènìyàn méjì tí yóò máa gba kọ́kọ́rọ́ pamọ́, kí ìlẹ̀kùn má baà pa mọ́ ọmọ lójú. Ẹ jẹ́ kí á pe àwọn òbí jọ ní ẹ̀ẹ̀kan, ní Yorùbá, kí wọ́n gbọ́ láti ẹnu wa pé a kò wá jí àkókò BAC ọmọ wọn. Ẹ jẹ́ kí á tẹ ojú ìwé àdéhùn náà sínú ìwé ìròyìn wa tí ó ń bọ̀, kí gbogbo kọléèjì ní agbègbè wa lè gé e lò.

Kí á ṣe èyí fún ọdún kan péré, kí á pa tiwa mọ́ láìyẹ̀. Lẹ́yìn ọdún náà, bí ọmọ bá ṣì ń jókòó lẹ́yìn ìgbà mẹ́rin tí a bá ní kí ó sá mẹ́wàá, ẹ pè é ní ọ̀lẹ. Èmi náà yóò bá yín pè é bẹ́ẹ̀.